Ọmọ síkílídì ò dàgbà, ẹyin sì ń pòórá lóru: ẹ bá mi dá sí i

Ẹlẹ́ja_Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Táǹkì méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́ gba 100 lítà. Tọkọtaya kribensis, irú síkílídì kékeré kan, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tetra mẹ́fà (ẹja kéékèèké) àti ẹja kan tó máa ń lá ọbẹdò ara gíláàsì. Èkejì gba 200 lítà, síkílídì aláwọ̀ ìyeyè ti adágún Malawi ló wà nínú ẹ̀.

Kribensis yé sínú ìkòkò amọ̀ tí mo fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ fún wọn. Mo rí ẹyin náà lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n tún yé, ibi kan náà la tún padà sí. Ní ti àwọn ti Malawi, abo kan gbé ẹyin sẹ́nu, àgbọ̀n rẹ̀ wú, kò jẹun. Kò pẹ́ tí mo tún fi rí i tó ń jà sí oúnjẹ, ẹnu ti ṣófo. Àwọn ọmọ díẹ̀ tó yè láti ìgbà kan rí, wọn ò tíì ju èékánná lọ títí di báyìí. Ẹnìkan ní kí n lọ ra oògùn amẹ́jadàgbà. Ẹlòmíràn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹja kì í tóbi ju ilé rẹ̀ lọ. Èwo ni kí n gbà?

Bàbá_Epìyà

Àbúrò, ẹ má gba ìkankan. Oògùn kọ́ ni wàhálà yìí ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ "ẹja kì í tóbi ju ilé rẹ̀ lọ" yẹn sì ti pa ẹja tí kò lóǹkà. Ẹja ò mọ̀ pé ilé òun kéré kó wá ní òun ò ní dàgbà mọ́. Ìdọ̀tí tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń yí omi kékeré padà di májèlé fún un. Ẹ wo Oscar, síkílídì ńlá kan: kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí wọ́n bá sé e mọ́ inú 60 lítà, lóòótọ́ kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, ojú rẹ̀ á tóbi ju ohun tó yẹ orí rẹ̀ lọ, kò sì ní pẹ́ kú.

Ẹ bá wa wọn omi táǹkì méjèèjì ná: amóníà, náítíráìtì, náítíréètì (ohun tí ìdọ̀tí ẹja ń dà nínú omi), pH (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré ni omi ṣe kan tó), àti ìgbóná. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń pààrọ̀ omi. Ẹ sọ akọ mélòó àti abo mélòó ló wà nínú ti Malawi. Ìdílé síkílídì lé ní 1,700 oríṣi, epìyà tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú wọn, ìwà wọn ò sì papọ̀. Ohun tó tẹ́ kribensis lọ́rùn lè ba ti ẹja Malawi jẹ́.

Ẹlẹ́ja_Tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti kribensis: amóníà 0, náítíráìtì 0, náítíréètì 80, pH 6.0, ìgbóná 24. Ti Malawi: amóníà 0.25, náítíráìtì 0, náítíréètì 60, pH 7.4, ìgbóná 26. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń pààrọ̀ omi, torí wọ́n ní omi tó ti pẹ́ ló dára. Akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta ló wà nínú ti Malawi. Àwọn ọmọ náà wà nínú àpótí kékeré tí mo fi kọ́ ara gíláàsì nínú táǹkì yẹn kan náà.

Bàbá_Epìyà

Ó dáa. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti yọjú nìyẹn. Náítíréètì 80 ò lè pa ẹja àgbà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja ò lè fi dàgbà. Níbi tí ọmọ bá wà, mi ò ń fẹ́ kó kọjá 20. Àmọ́ ẹ má lọ gbọ́n omi náà dà nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o. Omi tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pH rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí ẹ bá da omi tuntun rẹpẹtẹ sí i, ìyàtọ̀ òjijì yẹn á pa ẹja lára. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́fà ní ọjọ́ méjì-méjì títí náítíréètì á fi wálẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí omi tuntun bá ìgbóná ti àtijọ́ mu, kí ẹ sì fi oògùn tó ń pa kílórìn sí i kó tó wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹja Malawi ń fẹ́ pH tó wà láàárín 7.8 sí 8.6, nítorí náà àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ da òkúta ẹfun sínú omi lónìí kí pH gòkè. Ẹ má tíì dán an wò. Bí pH bá ṣe ń gòkè ni amóníà ṣe ń le sí i. 0.25 tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹja lè fara dà á ní pH 7.4, ṣùgbọ́n ní 8.4 ó ti di májèlé gidi. Amóníà ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ wo inú fílítà. Bí fóòmù rẹ̀ bá ti dí, inú omi tí ẹ gbọ́n látinú táǹkì ni kí ẹ ti fún un, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀rọ. Kílórìn inú omi ẹ̀rọ á pa àwọn bakitéríà tó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tó sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Bí ẹ bá pa wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lè kọjá kí wọ́n tó pé padà. Ìgbà tí amóníà bá ti di 0, tó sì dúró síbẹ̀, ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkúta ẹfun díẹ̀ sínú fílítà.

Ìyá_Onítáǹkì

Ọmọ mi, olè ń bẹ nínú ilé rẹ. Ẹja tó ń lá ọbẹdò yẹn ló ń jẹ ẹyin. Òru ni àkókò tirẹ̀. Kribensis ò ríran nínú òkùnkùn. Bó bá wù kí ìyá náà gbóná tó lọ́sàn-án, bí o bá ti pa iná báyìí, kò ní rí ẹni tó wọlé. Ẹja yẹn á rọra fẹnu lẹ òrùlé ìkòkò, á máa lá a lọ bó ṣe ń lá gíláàsì. Ilẹ̀ á mọ́, ìwọ á máa bú ìyá ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Gbé e lọ sí ibòmíràn.

Tetra ò burú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹyin ṣì wà nínú ihò, àmọ́ bí ọmọ bá ti jáde, wọn á máa ṣa wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹ́ ọmọ púpọ̀, jẹ́ kí tọkọtaya náà dá ní ilé tiwọn. 100 lítà yẹn tó wọn.

Ìkòkò náà ńkọ́, báwo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe tóbi tó? Kribensis fẹ́ràn ihò tí ara rẹ̀ kan máa gba, tó ṣókùnkùn nínú. Bí o bá dojú ìkòkò dé, tí o fọ́ etí rẹ̀ díẹ̀, tí o sì da iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà, wọn á gbẹ́ iyanrìn náà fúnra wọn títí yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Gbígbẹ́ yẹn wà lára ìmúra wọn. Gbé ìgbóná lọ sí 27. Nígbà tí o bá ń pààrọ̀ omi, jẹ́ kí tuntun tutù ju ti inú táǹkì lọ ní ìwọ̀n kan tàbí méjì péré. Bí òjò ló ṣe máa ń rí lára wọn.

Ìwọ náà á rí i bí àkókò bá tó. Abo ló máa kọ́kọ́ lọ bá akọ. Ikùn rẹ̀ á pọ́n, á ràn bíi pé iná wà nínú ẹ̀. Á tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ síwájú akọ, á sì máa gbọ̀n. Òrùlé ihò ló máa ń lẹ ẹyin mọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá á wà nínú ilé, bàbá á máa ṣọ́ ìta. Ó máa tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹyin tó pa. Ọmọ ò ní lè lúwẹ̀ẹ́ nígbà yẹn, wọn á kàn máa gbọ̀n nílẹ̀ nínú ihò, oúnjẹ ara ẹyin tí wọ́n gbé wáyé ni wọ́n ń jẹ. Ìyá lè kó wọn sẹ́nu kó gbé wọn lọ sí ihò mìíràn, má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yé e lo máa rí gbogbo wọn tí wọ́n tú jáde. Bí ìyá bá mi lẹ́bẹ́ ikùn báyìí, gbogbo wọn á wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dà bíi pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀.

Gíláàsì_Mẹ́ta

Ẹ má bínú o, Mà. Mo gbà pé olè wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹyin tó pòórá ni olè gbé. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ ẹyin tiwọn. Nígbà mìíràn akọ ò tíì dàgbà tó, ẹyin ò sì gba àtọ̀. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ á funfun, á hu irun bí òwú, àwọn òbí á sì jẹ ẹ́ kó má baà ran àwọn tó kù. Ìmọ́tótó nìyẹn, kì í ṣe ìkà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n má tètè máa gba ẹyin lọ́wọ́ òbí. Àwọn kan á gbé òkúta tàbí ewé tí angelfish (síkílídì mìíràn) yé sí lọ sínú ìgò, wọ́n á fi oògùn búlúù sí i kó má bu, wọ́n á gbé òkúta afẹ́fẹ́, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ á pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò wù láti rí ẹja tó ń kó ọmọ kiri? Ẹ fún kribensis láyè kí wọ́n gbìyànjú dáadáa lẹ́yìn tí ẹja olè bá ti kúrò.

Ìyá_Onítáǹkì

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Discus, síkílídì kan náà ni, tilẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ìrọ̀rùn bá a tọ́mọ: ara bàbá àti ìyá ni àwọn ọmọ ti ń jẹ omi yíyọ̀ tó ń sun jáde. Ẹ á rí wọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá, tó bá rẹ̀ ẹ́, á gbọn ara rẹ̀ kí wọ́n lè lọ sára bàbá. Ẹ gba ẹyin yẹn lọ́wọ́ wọn, kí lẹ máa fún ọmọ jẹ?

Onímáláwì

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti táǹkì kejì. Akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta! Ibẹ̀ ni ìyọnu wà. Akọ ẹja Malawi kì í fẹ́ aya kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi abo lọ́rùn sílẹ̀. Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ, kí ìyọnu rẹ̀ lè pín. Àpáta pọ̀ tó? Ẹ tò ó ga, kí ihò pọ̀ níbẹ̀, kí abo tó gbé ẹyin sẹ́nu lè rí ibi sá sí. Abo tí wọ́n ń lé kiri á gbé ẹyin mì. Èyí tó ń gbé e fún ìgbà àkọ́kọ́ sì lè gbé e mì láìsí ẹni tó lé e. Ẹ fún un lákòókò.

Fún ẹni tí kò tíì rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: akọ á gbọ́n iyanrìn di kòtò tàbí kó fọ orí òkúta kan mọ́. Wọ́n á máa yípo. Abo á yé ẹyin díẹ̀, á yí padà kíá, á kó o sẹ́nu. Ní lẹ́bẹ́ abẹ́ ìdí akọ, àwọn àmì róbótó wà níbẹ̀ tó jọ ẹyin gan-an nínú ọ̀pọ̀ oríṣi. Akọ á na lẹ́bẹ́ yẹn síwájú abo, abo á fẹnu kàn án, ibẹ̀ ni àtọ̀ á ti wọ inú ẹnu rẹ̀ lọ bá ẹyin. Àmọ́ ẹ má fi àmì yẹn nìkan mọ akọ o. Abo mìíràn náà ní in.

Ó máa gbé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ á máa rí i tó ń mi àgbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó ń yí ẹyin náà po kí afẹ́fẹ́ lè kan gbogbo rẹ̀. Kì í jẹun tàbí kó jẹ ìwọ̀nba. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti kribensis, wọn kì í sábà ju mẹ́wàá sí ọgbọ̀n lọ nínú àwọn aláwọ̀ ìyeyè yín, àmọ́ ẹyin rẹ̀ tóbi, nítorí náà ọmọ á jáde pẹ̀lú ara tó ti le, á sì lè jẹ oúnjẹ lílọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé kí ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀? Bí ẹ bá máa yọ ọ́, alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí iná ti kú, tí kò lè sáré. Ẹ má fi àwọ̀n lé e kiri láàárín àpáta. Ìpayà yẹn nìkan tó kó tu ẹyin dànù. Èmi máa ń dúró títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi kọjá dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án.

Gíláàsì_Mẹ́ta

Àwọn kan máa ń ya ẹnu ìyá, kí wọ́n tu ọmọ náà sínú omi ní bí ọjọ́ 18. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?

Onímáláwì

Fún ẹni tó mọwọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bí ìyá bá ti rù. Ẹ di í mú nínú omi, kí ọwọ́ yín tutù, kí ẹ rọra fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Òun fúnra rẹ̀ á tu wọ́n. Fún ẹni tuntun, mi ò ní gbà á níyànjú. Ẹ fi ìyá sínú táǹkì kékeré tó ní fílítà onífóòmù àti ihò kan, ó máa tu ọmọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá yọ ìyá, ẹ dá a dúró lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ bọ́ ọ dáadáa kó tó padà sí àárín àwọn akọ.

Kò_Sáré

Ọ̀rọ̀ ìdàgbà lẹ ò tíì parí. Àpótí tí ẹ fi kọ́ ara gíláàsì yẹn, ìgbà díẹ̀ ló wà fún. Omi ò ń ṣàn dáadáa nínú rẹ̀, oúnjẹ á máa rà nílẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ yẹ kó ní 40 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí fílítà onífóòmù wà níbẹ̀ (fílítà tó ń fa omi pẹ̀lú agbára á fà wọ́n wọlé), kí ilẹ̀ rẹ̀ wà láìsí iyanrìn kí ẹ lè máa rí ìdọ̀tí fà jáde.

Ẹ máa bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kì í mú ọmọ ẹja dàgbà, inú wọn ò lè gba púpọ̀. Èyí tó dára jù fún ọmọ kribensis láti ọjọ́ tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ ni Artemia, edé wẹ́wẹ́ tí à ń pa láti ẹyin gbígbẹ. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é: omi lítà kan, iyọ̀ tí kò ní àyódíìnì nínú, nǹkan bí gíráàmù 25, àti ìdajì ṣíbí tíì ẹyin náà. Ẹ dà á sínú ìgò tí ẹ dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ tí ẹ sì gé ìdí ẹ̀, kí ọ̀pá afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó máa ru gbogbo rẹ̀ sókè. Ìgbóná 26 sí 28, iná nítòsí. Láàárín wákàtí 24 sí 36 wọ́n á ti pa. Ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ dúró díẹ̀: èèpo á léfòó, edé aláwọ̀ ọsàn á wọlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fà á, má fa èèpo, torí ó lè dí ìfun ọmọ. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kí ẹ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, oúnjẹ ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ á rí i bí ikùn ọmọ ṣe máa pọ́n láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ikùn pípọ́n yẹn ni mo máa ń wò. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ bá funfun lẹ́yìn oúnjẹ, nǹkan ń ṣe é.

Bí ẹ bá ń bọ́ wọn báyìí, omi tí ẹ ń pààrọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Nínú táǹkì ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá lójoojúmọ́ kò pọ̀ jù. Ẹ tún máa ṣà wọ́n: àwọn tó ga á máa lé àwọn kékeré kúrò nídìí oúnjẹ, ìyàtọ̀ àárín wọn á sì máa fẹ̀ sí i.

Onímáláwì

Kí n kàn fi kún un pé Artemia fún ọmọ dára, àmọ́ kí ẹ má wá sọ ẹja Malawi àgbà di ajẹran. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé inú àpáta níbẹ̀, ọbẹdò ni wọ́n ń họ jẹ, ìfun wọn gùn nítorí ẹ̀. Bí ẹ bá ń fún wọn ní ẹran tàbí ọ̀rá, ikùn wọn lè wú, wọ́n á kọ oúnjẹ, ìgbẹ́ wọn á di fọ́nrán funfun, a ò sì sábà rí èyí tó bọ́ nínú ẹ̀. Oúnjẹ oní-spirulina (ohun kan tó jọ ọbẹdò) ni kó pọ̀ jù. Àwọn aláwọ̀ ìyeyè yín ò le tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń ṣà jẹ jù nínú adágún, nítorí náà wọ́n lè gba Artemia díẹ̀ láìsí wàhálà.

Ẹlẹ́ja_Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti gbé ẹja olè kúrò, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé pH 6.0 ti kribensis yẹn ń pa wọ́n lára? Àti pé nígbà wo ni mo lè da àwọn ọmọ Malawi padà sí àárín àwọn àgbà?

Ìyá_Onítáǹkì

Kò pa àgbà lára, wọ́n lè gbé inú ẹ̀. Àmọ́ nínú kribensis, pH ìgbà tí ọmọ ṣì kéré máa ń fa akọ tàbí abo. Omi tó kan púpọ̀ máa ń bí akọ jù, èyí tó ga díẹ̀ máa ń bí abo jù. Bí o bá tọ́ wọn ní 6.0, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí akọ bá pọ̀ tí abo ò sì tó nǹkan. Nǹkan bí 6.5 sí 7 ni mo máa ń fi í sí. Bí omi tuntun bá ṣe ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ á gòkè. Má da oògùn pH sí i. Ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ ló burú jù.

Onímáláwì

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ wo ẹnu ẹja tó tóbi jù nínú táǹkì náà. Bí ọmọ bá ti ju ohun tí ẹnu yẹn lè gbà lọ, ó lè wọlé. Ó sábà máa ń jẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ da gbogbo wọn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tún àpáta tò ṣáájú, kí àwọn akọ tó ti gba ààyè lè máa wá ààyè tuntun, kí wọ́n má ráyè àlejò.

Ṣé aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló wà níbẹ̀? Bí oríṣi mìíràn bá wà, pàápàá àwọn tí abo wọn jọra, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ láìsọ fún un. Àwọn ẹja Malawi máa ń gun ara wọn láìka oríṣi sí, àdàlù tó bá sì ti bọ́ sáàárín àwọn tó ń tọ́ ẹja, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ẹlẹ́ja_Tuntun

Oríṣi kan ṣoṣo ni, Ọ̀gá. Mo máa fún ẹnìkan ní akọ méjì lọ́sẹ̀ yìí, kó ku akọ kan sí abo mẹ́ta.

Onímáláwì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá abo kan sí i bí ẹ bá rí, kí ẹ sì fi akọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù sílẹ̀, èyí tí dúdú lẹ́bẹ́ rẹ̀ ṣe kedere.